Ilé-iṣẹ́ fóònù ń fún tọ́rẹ́ǹtì lọ́rùn: ẹ̀tọ́ wọn ni àbí ìrẹ́jẹ?

Ìbéèrè, láti Kétu, ilẹ̀ Benin

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi dá sí i. Fídíò Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí a yà ládùúgbò wa ló wà lọ́wọ́ mi, gígà 38 ni gbogbo rẹ̀. Àwọn ọmọ Kétu tó wà ní Kútọnu, ní Èkó àti ní Paris ń bèèrè fún un lójoojúmọ́. WhatsApp kò lè gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀, nítorí náà mo sọ ọ́ di tọ́rẹ́ǹtì, kí ẹni tó bá ti gba díẹ̀ lè máa fún ẹlòmíràn nínú rẹ̀. Mo ra forfait òru, ìyẹn dátà tí à ń lò lóru, tí wọ́n ń pè ní illimité, aláìlópin. YouTube ń lọ geere lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí tọ́rẹ́ǹtì bá fi máa ṣe ìṣẹ́jú márùn-ún, á ti di ìgbín. Bí mo bá pa á, gbogbo nǹkan á tún yá. Mo pe ilé-iṣẹ́ náà, wọ́n ní nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kò níṣòro kankan. Ẹnì kan sọ fún mi pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ń dè é ni, pé ẹ̀tọ́ wọn sì ni. Ẹ̀tọ́ báwo? Ṣé kì í ṣe owó mi ni mo fi rà á?

* * *

Àbúrò, owó rẹ ni. Ṣùgbọ́n má tíì pariwo olè, nítorí ohun tó lè ṣe tọ́rẹ́ǹtì bẹ́ẹ̀ lórí fóònù ju ẹyọ kan lọ, ilé-iṣẹ́ kọ́ ló sì fa gbogbo wọn.

Kọ́kọ́ wo ọwọ́ ara rẹ. Ìwọ lo ni fáìlì, ìwọ lò ń fún gbogbo wọn. Ojú ọ̀nà tí nǹkan ń gbà jáde lórí fóònù kéré sí èyí tí nǹkan ń gbà wọlé. Bí tọ́rẹ́ǹtì bá kún ọ̀nà àbájáde yẹn dẹ́múdẹ́mú, ìdáhùn kékeré tí kọ̀ǹpútà rẹ ní láti máa fi ránṣẹ́ pé "mo ti gba èyí, ẹ mú òmíràn wá" kò ní ráyè kọjá. Ohun tó ń wọlé náà á wá dúró. Lójú rẹ, wọ́n ti dè ọ́ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ìwọ lo de ara rẹ. Nínú qBittorrent, ètò tí o fi ń lo tọ́rẹ́ǹtì, lọ síbi tí wọ́n ti ń díwọ̀n eré. Dín àbájáde kù sí nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ohun tí ìlà rẹ lè gbé, kí o sì jẹ́ kí iye àwọn tí yóò so mọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan náà mọ sí 50.

Lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ àdírẹ́sì. Àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì kò tó fún gbogbo fóònù ayé, nítorí náà ọ̀pọ̀ fóònù ló ń lo ẹyọ kan ṣoṣo láti jáde sí gbangba, bí ìgbà tí gbogbo agbolé ń gba ẹnu-ọ̀nà kan. Ìwọ lè jáde lọ bá ènìyàn. Ẹni tó wà níta kò lè wọlé wá bá ọ, nítorí kò mọ yàrá rẹ. Tọ́rẹ́ǹtì sì fẹ́ kí ẹni tó ń fúnni àti ẹni tó ń gbà lè kan ìlẹ̀kùn ara wọn. Bí ìwọ àti ẹni tó wà ní Èkó bá jọ wà lẹ́yìn irú ẹnu-ọ̀nà bẹ́ẹ̀, ẹ ó máa wá ara yín títí ilẹ̀ á fi mọ́. Bí ẹni tó wà ní Paris bá ní fáíbà, okùn íntánẹ́ẹ̀tì tó yára, nílé, òun ni kí o kọ́kọ́ fún.

Ìgbà tí o bá ti tún ìyẹn ṣe tí kò sì yí padà ni kí a tó fura sí wọn. Ẹ̀rọ wà tí ilé-iṣẹ́ lè fi sáàárín ọ̀nà, tó ń wo irú ẹrù tó ń kọjá, tó sì ń pàṣẹ pé kí ti tọ́rẹ́ǹtì máa rìn jẹ́jẹ́. Kì í ṣe àhesọ. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ èmi àti ti àwọn tó ti dáhùn ṣáájú mi kò ti bára mu.

* * *

Mo ti ka ohun tí ẹ kọ. Àwọn kan ní olè ló ń lo tọ́rẹ́ǹtì, kí wọ́n tì í pa. Àwọn kan ní ẹni tó bá ti sanwó lè ṣe ohun tó wù ú, kí aládùúgbò rẹ̀ lọ wá nẹ́tíwọ̀ọ̀kì tirẹ̀. Bàbá kan láti Ṣábẹ̀ẹ́, tó ti ṣiṣẹ́ lórí òpó nẹ́tíwọ̀ọ̀kì fóònù rí, ní àwọn tó ń sọ̀rọ̀ kò mọ bí òpó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ti bàbá ló jinlẹ̀ jù, mo ń bọ̀ lórí rẹ̀.

Kí n mú ti olè kúrò nílẹ̀ ná. Òótọ́ ni pé fíìmù jíjí pọ̀ lórí tọ́rẹ́ǹtì. Ó pọ̀ nínú mẹ́mórì káàdì tí wọ́n ń kó orin sí fún ènìyàn ní ọjà Wàńdó ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí náà, n kò sì tíì gbọ́ kí ẹnì kan ní kí wọ́n fòfin de mẹ́mórì káàdì. Bram Cohen, ará Amẹ́ríkà, ló ṣe BitTorrent, ìlànà tí tọ́rẹ́ǹtì fi ń ṣiṣẹ́, lọ́dún 2001. Ohun tó yanjú ni ìṣòro tí àbúrò wa ní yìí gan-an: ẹni tí kò lágbára ní ẹrù ńlá, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì fẹ́ ẹ. Ó gé ẹrù náà wẹ́wẹ́, kí ẹni tó bá gba ègé kan lè fún ẹlòmíràn ní ègé yẹn. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn tó ń ṣe Linux, ètò ọ̀fẹ́ tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi Windows, ń pín iṣẹ́ wọn báyìí títí dòní, lọ́fẹ̀ẹ́, ní gbangba.

Ẹ gbọ́ èyí, nítorí ó jọ ti Kétu débi pé ó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á. Lọ́dún 2007, ọkùnrin kan ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Robb Topolski fẹ́ràn irú orin àtijọ́ kan, tí ọkùnrin mẹ́rin máa ń fi ohùn lásán kọ pa pọ̀ láìsí ìlù. Àwọn orin tí ó ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí kò sí ẹ̀tọ́ oníǹkan lórí wọn mọ́ ló ń pín. Fáìlì rẹ̀ kò lọ. Iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ni iṣẹ́ rẹ̀, nítorí náà ó tú ohun tó ń kọjá lórí ìlà rẹ̀ wò. Ó rí i pé Comcast, ilé-iṣẹ́ tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì fún un, ń dá sí ọ̀rọ̀ láàárín kọ̀ǹpútà méjì: a máa fi ayédèrú ìfiránṣẹ́ sọ fún ọ̀kan pé èkejì ti fòpin sí i, a sì tún sọ bẹ́ẹ̀ fún èkejì. Àwọn akọ̀ròyìn Associated Press dán an wò lóṣù kẹwàá ọdún yẹn. Bíbélì ni wọ́n fi dán an wò, Bíbélì náà kò sì lọ dáadáa.

Oṣù kẹjọ 2008 ni FCC, àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìbánisọ̀rọ̀ níbẹ̀, ní kí Comcast ṣíwọ́. Oṣù kẹrin 2010 ni ilé-ẹjọ́ fagi lé àṣẹ yẹn, ó ní FCC kò fi hàn pé òfin fún un lágbára láti pa irú àṣẹ bẹ́ẹ̀. Okùn inú ilé ni ti Comcast, kì í ṣe ti fóònù, n kò sì sọ pé bákan náà ni méjèèjì. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tó ní olè nìkan ló ń ja ìjà yìí: orin àwọn baba rẹ̀ ni ọkùnrin yẹn ń pín. Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí UNESCO pè ní ohun àjogúnbá gbogbo ayé lọ́dún 2001, ni ọmọ Kétu yìí ń pín.

* * *

Bàbá Ṣábẹ̀ẹ́, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ kọ pé gbogbo àdúgbò ló ń pín afẹ́fẹ́ tí òpó kan ń lò, pé bí ènìyàn díẹ̀ bá fi tọ́rẹ́ǹtì dì í mú láago mẹ́jọ alẹ́, ìyá tó fẹ́ fi WhatsApp pe ọmọ rẹ̀ kò ní gbọ́ ju "hàló, hàló" lọ. Òótọ́ gidi ni. Ẹni tó bá ní kò sí bẹ́ẹ̀ ń tan ara rẹ̀ jẹ. Èmi náà kò gbà pẹ̀lú àwọn tó ní "mo ti sanwó, ó parí." Ìyá yẹn náà sanwó.

Ará Kétu, ìlú tí omi ti máa ń ṣọ̀wọ́n nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, mọ èyí ju àwa ará Àjàṣẹ́ lọ. Bí ẹnì kan bá gbé àgbá ńlá sídìí omi, àwọn tó gbé korobá á dúró dè é. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, bàbá: ta ní máa ń bi oníàgbá pé aṣọ ló fẹ́ fọ̀ ni àbí ọkà ló fẹ́ rò? Iye tó pọn là ń wò. À á ní kí ó pọn korobá méjì, kí ó padà sẹ́yìn ìlà. Kò sẹ́ni tí yóò ní kí ẹni tó fẹ́ fọṣọ máa fi ife pọn, kí ẹni tó fẹ́ ro ọkà máa fi àgbá pọn.

Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára, nítorí ohun tí wọ́n ń ṣe fún àbúrò wa yìí, mo ti fi ọwọ́ ara mi ṣe é rí.

Nígbà kan mo ní síbà kékeré kan, níbi tí ènìyàn ti ń sanwó lo íntánẹ́ẹ̀tì, nítòsí Wàńdó, kọ̀ǹpútà mẹ́jọ lórí ìlà kan ṣoṣo. Oníbàárà kan máa ń wá lọ́sàn-án. Bó bá ti jókòó, àwọn méje tó kù á bẹ̀rẹ̀ sí í kùn: Yahoo kò ṣí, owó àwọn ń jóná. Mo yẹ ráútà, ẹ̀rọ tó ń pín ìlà fún kọ̀ǹpútà, wò, mo rí i pé tọ́rẹ́ǹtì ló ń lò. N kò bá a sọ̀rọ̀. Mo kàn wọ inú ráútà, mo ṣe é kí tọ́rẹ́ǹtì má lè rìn ju ìrìn ìgbín lọ, mo sì padà sórí àga mi. Àwọn méje dákẹ́. Inú mi dùn.

Ọkùnrin yẹn ń wá fún ọjọ́ mẹ́ta sí i. A máa sanwó wákàtí kan, a sanwó òmíràn, a máa wo ojú kọ̀ǹpútà. Ó bi mí lẹ́ẹ̀mejì pé ṣé ìlà ò dáa ni. Mo ní bóyá láti Kútọnu ni. Lọ́jọ́ kẹrin ó mú ìwé kékeré kan wá, ó kọ wákàtí tó ti san sínú rẹ̀: mọ́kànlá. Olùkọ́ ni. Ubuntu, irú Linux kan, ló ń gbà, láti fi sínú àwọn kọ̀ǹpútà ògbólógbòó kan tí wọ́n fún ilé-ìwé rẹ̀. Kò bínú, ó kàn fẹ́ mọ̀ bóyá kí òun lọ gbìyànjú níbòmíràn. Mo wo ìwé yẹn. Mo ti gba owó wákàtí mọ́kànlá lọ́wọ́ ẹni tí mo ti pinnu pé kò ní rí ohun tó san owó fún gbà. Mo dá owó rẹ̀ padà, mo sọ ohun tí mo ṣe fún un. Ó dúpẹ́, kò sì padà wá mọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn mo ra pákó dúdú kan, mo kọ ọ́ sára rẹ̀: láti aago méjìlá ọ̀sán sí mẹ́jọ alẹ́, bákan náà ni àga mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ yóò pín ìlà, lẹ́yìn aago mẹ́jọ, ẹni tó bá kù lè lo gbogbo èyí tó ṣẹ́kù. N kò mẹ́nu ba tọ́rẹ́ǹtì. N kò mẹ́nu ba fídíò. Ìjà inú síbà yẹn parí láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà tí mo wá lè wo iye tí kọ̀ọ̀kan ń lò, kọ̀ǹpútà tó ń jẹ ìlà jù ni tèmi, tó wà lẹ́yìn káńtà, tó ń gba àtúnṣe Windows láìsinmi.

Nítorí náà, bàbá, n kò ní kí wọ́n má díwọ̀n. Kí wọ́n díwọ̀n ènìyàn, kí wọ́n má yan ẹrù. Kí wọ́n sì kọ ọ́ sára pákó.

* * *

Ẹni tó ní "wọ́n ṣèlérí mẹ́gà 10, 1.2 ni mò ń rí": wọn kò rẹ́ ọ jẹ ní tìyẹn. Bíìtì ni wọ́n fi ń ṣèlérí, báìtì ni qBittorrent fi ń kà. Bíìtì 8 ló wà nínú báìtì 1, bí o bá sì pín 10 sí ọ̀nà 8, 1.25 ni. Pípé lo gbà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi èyí kún ẹ̀sùn tí ẹ bá ń kọ, nítorí wọn yóò fi bẹ̀rẹ̀ ìdáhùn wọn, wọn kò sì ní ka ìyókù.

* * *

Àbúrò kan bèèrè pé kí ló dé tí forfait gígà 5 òun fi tán nígbà tí fáìlì tí òun gbà kò ju gígà 2 lọ. Tọ́rẹ́ǹtì ń gbà, ó sì ń fúnni. Ilé-iṣẹ́ ń ka méjèèjì. Gba gígà 2, fún àwọn ẹlòmíràn ní gígà 2, gígà 4 ti lọ nìyẹn kí o tó ṣí Facebook. Bí forfait rẹ bá ní òdiwọ̀n, kì í ṣe orí rẹ̀ ló yẹ kí o ti máa fúnni.

Kí ẹ sì tún wo Windows. Láti Windows 10, tó jáde lọ́dún 2015, ètò kan wà nínú rẹ̀ tó lè máa fi àtúnṣe tí kọ̀ǹpútà yín ti gbà ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà àwọn ẹlòmíràn, gẹ́gẹ́ bí tọ́rẹ́ǹtì ṣe ń ṣe. Ẹni tó ń fi fóònù pín dátà fún kọ̀ǹpútà rẹ̀ kí ó lọ sínú ètò Wi-Fi, kí ó tan "connexion limitée". Mo ti rí ẹni tó fi ẹ̀sùn olè kan ilé-iṣẹ́ fóònù fún oṣù mẹ́ta lórí èyí.

* * *

Ẹ jẹ́ ká padà sórí illimité, nítorí ibẹ̀ ni egbò wà.

Illimité, aláìlópin. Ọ̀rọ̀ Faransé ni, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ ọjà ní Àjàṣẹ́ tí kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Bí mo bá ta gaàrí fún ọ, tí mo ní kí o máa bù ú títí á fi tó ọ, n kò gbọdọ̀ di ọwọ́ rẹ mú níbi ife kẹta, kí n ní ìwé kan wà lẹ́yìn ilé tó sọ bẹ́ẹ̀. AT&T ṣe èyí lórí fóònù ní Amẹ́ríkà. Láti ọdún 2011 ló ti ń dín eré àwọn oníbàárà tó ra aláìlópin kù bí wọ́n bá ti lo ju ìwọ̀n kan lọ nínú oṣù. Lọ́dún 2014, FTC, àjọ tó ń gbèjà oníbàárà, pè é lẹ́jọ́. Lọ́dún 2019 ó gbà láti san mílíọ̀nù 60 dọ́là. Ẹ fi etí sí ẹ̀sùn náà o: kì í ṣe pé ó dín eré kù, ṣùgbọ́n pé ó pè é ní aláìlópin, kò sì sọ ààlà rẹ̀ kó yé ẹni tó ń rà á. Ní Yúróòpù, òfin 2015/2120, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lóṣù kẹrin 2016, gbà kí ilé-iṣẹ́ tún ọ̀nà ṣe nígbà tí èrò bá pọ̀, ṣùgbọ́n ó ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú àdéhùn, kí wọ́n má sì máa fi owó ṣe ojúsàájú láàárín ẹrù. Òfin yẹn kò dé ọ̀dọ̀ wa. Ohun tó wà nídìí rẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa.

Ẹnì kan kọ pé àwa ará Benin kò lè ká irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ kò. Ṣé ẹ ti gbàgbé 2018 ni? Oṣù keje ọdún yẹn ni àṣẹ jáde pé kí a máa san CFA 5 lórí mẹ́gà kọ̀ọ̀kan tí a bá fi lo Facebook, WhatsApp àti irú wọn. Lórí gígà kan, ìyẹn á tó CFA 5,000. Àwọn ọ̀dọ́ dìde pẹ̀lú #TaxePasMesMo, kí oṣù kẹsàn-án tó parí, wọ́n ti fagi lé e.

Mo sì fẹ́ kí ẹ rí bí èyí ṣe kan tọ́rẹ́ǹtì. Kí ilé-iṣẹ́ tó lè gba CFA 5 lórí mẹ́gà Facebook, kí ó má gba á lórí mẹ́gà míràn, ó gbọ́dọ̀ máa wo mẹ́gà kọ̀ọ̀kan láti mọ ibi tó ń lọ. Ojú kan náà ni wọ́n fi ń dá tọ́rẹ́ǹtì mọ̀. Lọ́jọ́ 28 oṣù kẹrin 2019, ọjọ́ ìdìbò aṣòfin, íntánẹ́ẹ̀tì dákẹ́ jákèjádò ilẹ̀ wa, gbogbo wa la sì mọ bí ọjọ́ yẹn ṣe rí. Ẹni tó ní "tọ́rẹ́ǹtì ni wọ́n ń dè, kò kàn mí" kí ó rántí pé ẹ̀rọ tó lè ya tọ́rẹ́ǹtì sọ́tọ̀ lónìí lè ya ohun tí òun ń lò sọ́tọ̀ lọ́la.

* * *

Ẹni tó ní kí a lo VPN, ètò tó ń bo ohun tí ò ń gbà àti ohun tí ò ń fi ránṣẹ́ lójú ilé-iṣẹ́: á bo irú ẹrù, kò ní bo ìwúwo rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé tọ́rẹ́ǹtì ni wọ́n ń ṣọ́, ó lè ràn ọ́ lọ́wọ́. Bí ó bá jẹ́ iye ni wọ́n ń ṣọ́, o kàn ń fi tirẹ̀ kún ẹrù ni, nítorí VPN náà ń jẹ dátà díẹ̀ lórí ohun tó bá bò. VPN ọ̀fẹ́ ńkọ́? O ń sá fún ẹni tó ń wo ẹrù rẹ ní Benin, o sì ń gbé e lé ẹni tí o kò mọ̀ rárá lọ́wọ́.

Ẹni tó ní kí a lọ ra síìmù Nàìjíríà: ní Ìlara, lẹ́bàá ẹnubodè, ó lè ṣiṣẹ́. Bí o bá ti padà dé Kétu, síìmù yẹn ti di àlejò, owó àlejò ni wọn yóò sì gbà lórí rẹ̀. Fún gígà 38? Rárá.

* * *

Àbúrò Kétu, ṣe èyí fún mi kí a tó sọ̀rọ̀ síwájú. Òru mẹ́ta, wákàtí kan náà, ibì kan náà nínú ilé. Kọ́kọ́ lo tọ́rẹ́ǹtì fún wákàtí kan, pẹ̀lú òdiwọ̀n tí mo fún ọ, kí o máa kọ eré rẹ̀ sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá. Pa á. Lẹ́yìn ìyẹn, fi Chrome gba fáìlì ńlá kan láti ojú-òpó lásán fún wákàtí kan, kí o kọ tirẹ̀ náà sílẹ̀. Má fi ojú wò ó kí o sì ní "ó lọ́ra." Kọ nọ́ńbà.

* * *

Láti Kétu

Ẹ̀gbọ́n, mo ti ṣe é. Òdiwọ̀n tí ẹ fún mi ṣiṣẹ́ gan-an. Tẹ́lẹ̀, ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Báyìí, ó ń lọ dáadáa fún ogójì ìṣẹ́jú. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ogójì yẹn, ó já sí kílóbáìtì 16 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ó sì dúró síbẹ̀. Ní òru mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, 16 kan náà ni. Mo pa á, mo bẹ̀rẹ̀ ti Chrome lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó lọ geere fún wákàtí kan láìjá.

* * *

O ṣeun. Èyí gan-an ni mo fẹ́ rí.

Bí òpó bá kún, eré á máa lọ sókè sódò, kò ní dúró sójú kan. Kílóbáìtì 16 ni bíìtì ẹgbẹ̀rún lọ́nà 128. Òpó tó kún kì í mú nọ́ńbà tó mọ́ tónítóní bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, kì í sì ṣí ọ̀nà fún Chrome ní ìṣẹ́jú tó tẹ̀ lé e. Ọwọ́ ènìyàn ló fi nọ́ńbà yẹn síbẹ̀. Bàbá Ṣábẹ̀ẹ́, ẹ bá wa wò ó bóyá mo ṣìnà, ẹ mọ̀ ọ́n jù mí lọ.

Ní ìdajì, ètò rẹ ló ṣì í, o sì ti tún un ṣe. Ìdajì tó kù jẹ́ tiwọn. Kọ ọ́ sí wọn, má fi ẹnu sọ ọ́ lórí fóònù mọ́. Orúkọ forfait, ọjọ́ tí o rà á, àwòrán ìpolówó tó pè é ní illimité, nọ́ńbà òru mẹ́ta yẹn ní ọ̀nà méjèèjì. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni kí o bi wọ́n: níbo ni ẹ ti kọ ọ́ pé tọ́rẹ́ǹtì yóò máa rìn ní 128 lẹ́yìn ogójì ìṣẹ́jú? Bí wọ́n bá fi ibi tó wà hàn ọ́, kí a kà á pa pọ̀ níbí. Bí wọn kò bá fi hàn, tàbí tí wọn kò dáhùn, kó ìwé náà lọ sí ARCEP, àjọ tó ń bójú tó wọn, pẹ̀lú ẹ̀dà lẹ́tà tí o ti kọ́kọ́ kọ. Kí ẹ̀yin yòókù tí ẹ bá ti rí irú èyí náà ṣe òru mẹ́ta tiyín. Lẹ́tà kan rọrùn láti jù sẹ́gbẹ̀ẹ́, ogún lẹ́tà tó ní nọ́ńbà kan náà nínú kò rọrùn.

Àwọn ènìyàn rẹ kò lè dúró de ìyẹn ṣá. Ní 128, bí tọ́rẹ́ǹtì kò bá sinmi tọ̀sán-tòru, gígà 38 á gba ọjọ́ 27 lé díẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹnì kan péré. Takisí tó bá gba Pọ́bẹ̀ àti Ṣákẹ́tẹ́ wá sí Àjàṣẹ́, bí ó bá lo wákàtí mẹ́ta, ó ń gbé ju bíìtì mílíọ̀nù 28 lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Kó o sí dísìkì, kí o fi rán mi. Fáíbà wà ní ṣọ́ọ̀bù mi báyìí. Láti ibẹ̀ ni màá ti fún ẹni tó wà ní Paris, kí òun náà máa pín in fún Èkó àti Kútọnu. N kò ní gba kọ́bọ̀.

Má fi ìlànà FAT32 ṣètò dísìkì náà, kò gba fáìlì kan tó bá ju gígà 4 lọ. ExFAT ni kí o lò. Dísìkì méjì ni kí o kó o sí, kí o tọ́jú ọ̀kan sílé. Fi ọ̀rá wé e lẹ́ẹ̀mejì nítorí òjò. Fi àkọsílẹ̀ òru mẹ́ta yẹn sínú rẹ̀, màá tẹ lẹ́tà náà jáde níbí, kí o wá fọwọ́ sí i. Pè mí nígbà tí takisí bá ti kúrò ní Kétu.